Ọjọ́ mẹ́fà ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka èéfín

Ọjọ́ kìíní. Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kejìlá, 2024: Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn

Ikọ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi ló gbé mi dé ojú ọ̀nà. Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ṣakí ni wọ́n ń gbé, òrí ni wọ́n ń ṣe tà, ikọ́ náà sì ti bá wọn gbé ju ọdún mẹ́rin lọ. Wọ́n ti lo àgbo, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sí i lára wọn. Eruku ọ̀nà ni àwọn fúnra wọn dì mú. "Eruku títì yìí ni, ọmọ mi. Mọ́tò kan ò lè kọjá kó má da tiẹ̀ sí mi nímú." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kúrò ní Ìbàdàn.

Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Leeds ló fi rán ènìyàn sí mi. Fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Iná lésà á tàn sí èérún inú afẹ́fẹ́ náà, ẹ̀rọ á wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe fọ́n ká, á sì gbé nọ́ńbà jáde. PM2.5 ni nọ́ńbà tí mò ń tẹ̀ lé: èérún tó kúnná débi pé tí bí ọgbọ̀n bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n tó fẹ̀ tó irun orí kan. Irun imú ò lè dá irú wọn dúró, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń bá lọ. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí nọ́ńbà yìí má ju 15 lọ láàárín ọjọ́ kan. 25 ni wọ́n fi sí lọ́dún 2005. Ẹ fi 15 yẹn sọ́kàn, torí mi ò rí i títí mo fi padà sílé.

Ní gáréèjì Mọ́níyà, aago méje àárọ̀, 148. Ẹni tó ń dín àkàrà wà lápá òsì mi, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń ta káàdì wà lápá ọ̀tún, mọ́tò mẹ́ta sì tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láìlọ síbì kankan. ₦3,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Ìsẹ́yìn, wọ́n ní owó ọdún ni. Dẹ́rẹ́bà rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe pé ìjọba rán yín kí ẹ wá ka èéfín mọ́tò mi, kí wọ́n tún bu owó lé e?" Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Mo ní tiyín ò tíì tó èyí tí wọ́n ń bu owó lé.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn dára, kìlómítà 65, títì ọlọ́dà gidi. Nígbà tá a kọjá Ìjàyè, 72. Èéfín ti lọ sílẹ̀, ó ku ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe tilẹ̀ wa: láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ̀, ó sì ti rin ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ kó tó bà lé wíńdò mọ́tò wa. Mi ò lè bá Chad wí. Àmọ́ mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí 70 àti díẹ̀ yìí ni màá fi mọ ohun tí ọwọ́ àwa fúnra wa ń fi kún un.

Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ẹran méjì ní Ìsẹ́yìn, ₦2,000. Ìyá olóúnjẹ gbọ́ pé Ṣakí ni mò ń lọ, ó bu ọbẹ̀ kún un láìgba kọ́bọ̀, bíi pé ìyàn ló wà níwájú.

Ọjọ́ kejì. Ẹtì, 27 oṣù Kejìlá: Ìsẹ́yìn sí Ṣakí

Aago mẹ́fà ìdájí ni mo na ẹ̀rọ síta lójú wíńdò: 203. Oorun dá lójú mi. Kò sí mọ́tò, n kò gbúròó ẹni tó ń dáná, ohun tí mo rí kò ju kùrukùru tó bo Òkè Ẹbẹdí dé ọrùn lọ. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, 66. Ọ̀rinrin ló tàn mí jẹ. Bó bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, èérún á mu omi, á wú, lésà á sì rí kékeré bíi ńlá. Àwọn ẹ̀rọ olówó gọbọi máa ń mú afẹ́fẹ́ gbẹ ná kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, tiwa ò ní agbára ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí, ẹ máa kọ ọ̀rinrin mọ́ nọ́ńbà, ẹ má sì pariwo fún ẹnikẹ́ni kí oòrùn tó là.

Mo yà sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ kí mọ́tò tó kún. Lábẹ́ àtíbàbà kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin jókòó ní ìlà méjì, òfì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, òwú sì ń fò kiri. Mo rò pé ẹ̀rọ á fò sókè. 61. Òwú yẹn tóbi ju ohun tó ń wá lọ. Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá wọn fún mi ní àpótí, wọ́n ní kí n wọn àwọn náà. Mo ní kì í wọn ènìyàn. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá ń wọn ènìyàn, àwọn kan wà níbí tí wọn ò ní dúró."

Mọ́tò Ṣakí ò gbéra títí wọ́n fi kírun Jímọ́ọ̀ tán. ₦5,000. Kò dáa kí ilẹ̀ ṣú bá ènìyàn lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn lásìkò yìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún ṣe é. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ wọ mọ́tò àárọ̀.

Àtìgbà tá a ti kọjá Òtú ni ọ̀nà ti di ti eruku. Títì á hàn, á tún rì, a ó bọ́ sínú kòtò, ilẹ̀ pupa á gba ojú wíńdò wọlé bí ẹni tí wọ́n pè. Obìnrin tó wà níwájú mi fi ìró bo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ́ fìlà, ó gbọ̀n ọ́n, ohun tó já sílẹ̀ lára rẹ̀ tó fi gbin ẹ̀fọ́. Ìpéǹpéjú gbogbo wa pọ́n. Mo ti ń retí 500. Ẹ̀rọ ní 94. Mo pa á, mo tún un tàn: 97.

Mo jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí títí. Eruku tí ojú ń rí, tá a ń gbọ̀n lára aṣọ, tó ń mú wa sín tó sì ń mú wa tutọ́ pupa, ńlá ni. Imú àti ọ̀nà ọ̀fun ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irú lésà tèmi yìí kì í sì í rí èyí tó tóbi bẹ́ẹ̀ dáadáa. N ò sọ pé eruku náà ò ṣe nǹkan o. Ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ tó kọ́ ni nọ́ńbà mi fi hàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì nípa ikọ́ màmá.

Ibì kan ṣáájú Tẹdé, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá wa dúró. Ọ̀kan fi tọ́ọ̀ṣì wo ọwọ́ mi. "Kí lèyí? Fóònù ọlọ́pàá ni?" Mo ní ẹ̀rọ tó ń ka èéfín ni. Ó ní kí n ka tòun, ó fa sìgá, ó sì fẹ́ ẹ sí i. Nọ́ńbà ti 90 bọ́ sí 800. Gbogbo wọn yọrí wò ó. Ó ní, "Èyí ò dáa o," ó sì tún fa á.

Bóyá sìgá yẹn ló pa á, bóyá eruku. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì dákẹ́. Nọ́ńbà di 0. Afẹ́fẹ́ Òkè-Ògùn wá mọ́ ju ti ọ̀run lọ. Ìgbẹ́ ń jó lórí òkè lápá ọ̀tún wa, ìlà iná gbọọrọ nínú òkùnkùn, èéfín rẹ̀ sì wà nínú mọ́tò, èmi kò sì ní ohun tí mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la wọ Ṣakí.

Ọjọ́ kẹta. Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kejìlá: Ṣakí

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà ló tú ẹ̀rọ náà. Kò rí irú ẹ̀ rí, àmọ́ ó ní ohun tó bá ti ní fáànù, ojúlùmọ̀ òun ni. Ó fi skrúdíráfà kékeré yọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n wá wò. Eruku pupa ti dì mọ́ ojú ihò bí amọ̀ tí agbọ́n fi kọ́lé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dì í padà. 68. Mo bèèrè iye owó, ó ní, "Àlejò wa ni yín, ẹ máa lọ." Mo fi ₦500 ra káàdì sórí fóònù rẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹ gbọ́ o: ẹ fi ẹ̀rọ yín sínú àpò lójú ọ̀nà eléruku, ẹ yọ ọ́ ní ìdúró, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni màmá máa ń yan òrí. Ilé ìdáná wọn jẹ́ yàrá búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìnkùlé: òrùlé páànù, ilẹ̀kùn kan, wíńdò kan tí wọ́n ti fi páànù kàn pa nítorí ewúrẹ́. Ògiri inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò. Àgbàdo wà lókè ààrò, ìdì lórí ìdì, wọ́n so ó kọ́ pẹ̀lú háhá rẹ̀.

Wọ́n da kóró òrí tí wọ́n ti fọ́ sínú agbada irin, wọ́n fà á sórí ààrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi rò ó. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó dà bíi ti kòkó. Lẹ́yìn náà òróró bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára kóró, agbada ń rú, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò gbẹ tán, omi ń hó ní ẹnu igi náà. Láàárín agbo ilé, 64. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, 310. Mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí wọ́n jókòó lé, mo gbé ẹ̀rọ sí ìwọ̀n imú wọn: 999. Mo dúró, bóyá á sọ̀ kalẹ̀. 999. Ibi tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n kà dé nìyẹn.

Ìṣẹ́jú márùn-ún, omi ojú mi ti dé àgbọ̀n. Màmá ò wúkọ́ rárá. Ìdájí ni ikọ́ wọn máa ń dé, nígbà tí iná ti kú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó fura sí iná. Wọ́n ń tẹ̀ síwájú lórí agbada léraléra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí bọ̀ ọ́, nítorí ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ bó bá yan tó. Bí kóró bá dúdú jù, òrí á korò. Wákàtí méjì sí mẹ́ta, ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Mo fi nọ́ńbà hàn wọ́n nígbà tí wọ́n jáde.

"Eélòó nìyẹn?"

"Ẹgbẹ̀rún ó dín ẹyọ kan, mà."

"Ti títì ń kọ́?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún."

Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí. "Ẹ̀rọ rẹ ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà."

Mi ò bá wọn jiyàn lálẹ́ yẹn. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe pé èéfín inú ilé ń pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lọ́dún 2020. Mo ti ka iye yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kò tíì ní àpótí ìjókòó rí lójú mi.

Ọjọ́ kẹrin. Àìkú, 29 oṣù Kejìlá: Ṣakí

Kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ọmọ-ọmọ wọn fi ọ̀kadà gbé mi lọ sẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń sun èédú. Òkìtì ilẹ̀ gìrìwò ni wọ́n ń bò lé igi, wọ́n dá ihò kéékèèké sí i lára, ó ń rú fún ọjọ́ mélòó kan láìjó fòò. Ní apá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, 870; ní apá kejì, ẹsẹ̀ bíi ogún síbẹ̀, 75. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ mọ apá tó yẹ kóun dúró sí. Kò nílò ẹ̀rọ. ₦4,500 ni àpò ńlá kan níbẹ̀, Ìbàdàn ló sì ń lọ. Mo rántí èédú tó wà lábẹ́ ìkòkò tèmi nílé, mo gbẹ́nu dákẹ́.

Ọ̀sán la jókòó ọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ààrò síta. Màmá ní rárá. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ iná síhìn-ín sọ́hùn-ún, igi á jó dànù, ewúrẹ́ á jẹ kóró. Mo ní kí wọ́n ṣí òrùlé díẹ̀ nígbà náà. Wọ́n nawọ́ sí àgbàdo òkè: "Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Bí èéfín bá kúrò, ṣé ìwọ lo máa bá mi lé kòkòrò?" Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi lómi. Èéfín tí mo wá lé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tá a wá fẹnu kò sí nìyí: àgbàdo á sún sí igun kejì, lókè ààrò kékeré tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, kó máa rí èéfín díẹ̀díẹ̀. Lókè ògiri tó wà lẹ́yìn ààrò ńlá, wọ́n á yọ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta. Wọ́n á ṣí páànù ojú wíńdò, wọ́n á fi nẹ́ẹ̀tì oníwáyà dí i nítorí ewúrẹ́. Bíríkìlà tó ń gbé ní òpópónà kejì gba ₦4,000. Nígbà tí màmá bu òrí fún un, ó dá ₦1,000 padà. Nẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦2,800. Igi tó gbẹ ò ná wa ní nǹkan, a kàn kó èyí tó wà lábẹ́ òrùlé, a fi tútù sínú oòrùn.

Ìrọ̀lẹ́, agbada kan náà, àpótí kan náà. Èéfín yí po díẹ̀, ó rí ihò, ó sì ń bá ibẹ̀ lọ bí ìlà òkùn. 260, 245, 271. Ìlọ́po mẹ́tàdínlógún 15 ṣì nìyẹn, mo mọ̀. Màmá ò bèèrè nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ojú ò ta mí lónìí."

Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn aláwọ̀ dúdú kan ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Mo sọ fún un nípa AirQo, ti àwọn ará Yunifásítì Makerere ní Kampala, tí wọ́n ń kàn mọ́ òpó tí wọ́n sì ń gbé sórí ọ̀kadà. Ó ní, "Àwa náà ní ọ̀kadà." Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, bí wọ́n ṣe ń kọ aago, ọ̀rinrin àti ohun tó ń jó mọ́ nọ́ńbà. Mo sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un títí di ọdún Àjíǹde.

Ọjọ́ karùn-ún. Ajé, 30 oṣù Kejìlá: Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí, Igbẹ́tì

Láìsí ẹ̀rọ, mo dà bí ẹni tó gbàgbé awò ojú sílé. Mo ń gbóòórùn gbogbo nǹkan, mi ò lè sọ iye kankan. Ní Ìgbòho, ẹnì kan ń sun táyà lẹ́yìn gáréèjì. Ní Kíṣí, wàrà tútù lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ₦200 ẹyọ kan. Mo ra márùn-ún, ó fi ìkẹfà sí i. Ẹ mú owó kéékèèké dání, kò sí ẹni tó ní ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan títí ẹ ó fi dé Ìlọrin. Mọ́tò wa jo táyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwọ̀-oòrùn wa lọ́hùn-ún, lódìkejì ààlà, ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ ńláńlá kalẹ̀ níbẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Kumasi, wọ́n ń wo ìkùukùu àti ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ó wọ̀ mí lójú pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yàn. Àsìkò òjò nìyẹn ṣá, kì í ṣe àsìkò ọyẹ́.

Mo sùn ní Igbẹ́tì, lábẹ́ àpáta. Funfun ni eruku ibẹ̀, ti òkúta mábù tí wọ́n ń fọ́. Ó ti bà sórí ewé máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà bí àtíkè.

Ọjọ́ kẹfà. Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kejìlá: Igbẹ́tì sí Ìlọrin

Ọ̀nà yìí ò ní ìtàn, àfi dẹ́rẹ́bà tó ń kọrin ọdún títí dé ìparí. Mo ti wà ní Ìlọrin kí oòrùn tó kanrí.

Lọ́dún 1998 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń wo oòrùn kalẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀kan lára àwọn tí NASA so pọ̀ káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní AERONET. Iye ìmọ́lẹ̀ tí eruku àti èéfín gbà lọ́wọ́ oòrùn ló fi ń mọ ohun tó wà lókè. Ó ti rí ọyẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó wà láàárín wa àti oòrùn ló ń kà, ẹni tó jókòó sábẹ́ òrùlé páànù kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tí mo sùn sílé wọn dín wàrà tó kù, a fi jẹ ìrẹsì. Láti aago méje ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń yin báńgà, èéfín rẹ̀ dúró ní òpópónà bí ọtí tí ò mọ ọ̀nà ilé. Ọwọ́ mi ń lọ sínú àpò.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, WhatsApp dún. Àwòrán ojú ẹ̀rọ: 412. Lábẹ́ rẹ̀, ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Ẹ káalẹ́ àǹtí. Igi tútù bọ́ sínú ẹ̀. Màmá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti fà á jáde." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwòrán mìíràn: 238.

Mo bèèrè bóyá wọ́n wúkọ́ ní ìdájí òní. Ó ní òun ò mọ̀, báńgà ò jẹ́ kí òun gbọ́ nǹkan kan láti àná.